Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ pààrọ̀ kọ́ọ̀sì tàbí school, ẹ gbọ́ tèmi ná

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́ ìwé o. Láàárín oṣù kan ṣoṣo, mẹ́ta nínú yín ló ti pè mí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀kan fẹ́ kúrò ní Microbiology lọ sí Computer Science, ọ̀kan fẹ́ fi school ẹ̀ sílẹ̀ níbí kó lọ sí Ilọrin torí ibẹ̀ ni mọ́mì ẹ̀ ń gbé báyìí, ẹnì kẹta ní òun fẹ́ máa ṣe digirí méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ kí gbogbo yín lè kà á, torí nǹkan tójú mi rí, mi ò fẹ́ kójú ẹnì kankan nínú yín rí i.

Òkè Ọya níbí ni èmi náà ti kàwé. Mathematics ni wọ́n fún mi, Computer Science ló wà lọ́kàn mi. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀nà là fún mi ni pé Use of English, Mathematics, Physics àti Chemistry ni mo ṣe nínú JAMB, èyí sì bá Computer Science mu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí ibí yìí dáadáa. Ẹni tó ṣe Biology, Chemistry àti Physics kó lè wọ Microbiology, kò ní Mathematics nínú JAMB ẹ̀, bẹ́ẹ̀ Mathematics àti Physics ni Computer Science ń béèrè, CGPA ẹ̀, ìyẹn ìpíndọ́gba máàkì gbogbo kọ́ọ̀sì tó ṣe, ì báà jẹ́ 4.8, ibi tí wọ́n ti máa dá fọ́ọ̀mù ẹ̀ padà nìyẹn. Ohun tí mo sọ fún àbúrò mi yẹn nìyẹn, inú ẹ̀ ò dùn rárá, mo sì mọ̀ ọ́n lára fún un, ṣùgbọ́n ó sàn kó gbọ́ ọ lẹ́nu mi ju kó náwó sórí fọ́ọ̀mù tán kó tó gbọ́.

Ní school tiwa, ìparí 100 level nìkan ni wọ́n máa ń gbà kéèyàn kúrò ní dípáátímẹ́ǹtì kan bọ́ sí òmíì, kò gbọ́dọ̀ sí carryover kankan, ìyẹn kọ́ọ̀sì téèyàn fìdí rẹmi nínú ẹ̀, CGPA gbọ́dọ̀ tó 3.50. Ọdún yẹn, mo kàwé bí ẹni tó jẹ gbèsè. Mo gbé 4.12 jáde, mo rò pé ó ti parí.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Fọ́ọ̀mù yẹn, pépà kan péré ni, àmọ́ oṣù méjì ló gbà. HOD, ìyẹn olórí dípáátímẹ́ǹtì, tí mò ń fi sílẹ̀ máa sáìn pé òun yọ̀ǹda mi, HOD tí mò ń lọ bá máa sáìn pé òun gbà mí, ó máa dé ọ̀dọ̀ Dean, kó tó wá dé academic office. Ní ọ́fíìsì Dean, Hajiya kan ló ń bá wọn tọ́jú fáìlì, gbogbo ìgbà tí mo bá ti yọjú, "sai gobe" ni, kí n padà wá lọ́la. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, mo jókòó sí bẹ́ǹṣì ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn látàárọ̀, mi ò bá a jà, mi ò rojọ́, mo kàn kí i "Hajiya, ina kwana" mo sì jókòó. Nígbà tó ń lọ sí aago méjì ọ̀sán ó dìde fúnra ẹ̀, ó ń ṣí fáìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, tèmi wà nísàlẹ̀ pátápátá lábẹ́ òkìtì fáìlì tó ga tó ìgbọ̀nwọ́, ó gbọn eruku orí ẹ̀ nù, ó gbé e wọlé, kò sì tó ogún ìṣẹ́jú tí wọ́n fi sáìn ín. Fáìlì ò lẹ́sẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ síbì kan, ibẹ̀ náà lẹ máa bá a.

Nígbà tí mo wọ 200 level tán ni mo rí i pé kọ́ọ̀sì méjì wà tí àwọn ọmọ Computer Science ti ṣe ní 100 level tí àwa ará Mathematics ò ṣe. Mo ní láti padà lọ jókòó pẹ̀lú àwọn 100 level, ọ̀kan nínú ẹ̀ sì forí gbárí pẹ̀lú kọ́ọ̀sì 200 level láàárọ̀ Tuesday, bẹ́ẹ̀ sì ni wọn kì í jẹ́ kéèyàn kọjá 24 units ní sẹmẹ́sítà kan, mo bá fi ọ̀kan sílẹ̀ di 300 level. Ẹ lọ wá handbook dípáátímẹ́ǹtì tẹ́ ẹ fẹ́ lọ kẹ́ ẹ tó sáìn nǹkankan, ẹ mú bírò, ẹ máa fàlà sábẹ́ èyí tẹ́ ẹ ti ṣe. Èyí tó bá kù, gbèsè yín nìyẹn.

Gbogbo ìyẹn ṣì kéré. Èyí tó mú mi jókòó kọ lẹ́tà yìí ló ń bọ̀ báyìí.

School ti yí nọ́ḿbà matric mi padà, ID card mi ti di Computer Science, èsì ìdánwò mi náà Computer Science, mo gbà pé kò sí ohun tó kù. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi nípa JAMB, èmi náà ò sì béèrè. Lẹ́tà ádímíṣọ̀n tí mo ti tẹ̀ jáde láti JAMB, Mathematics ló ṣì wà lórí ẹ̀, mo ká a sínú àpò ìwé mi fún gbogbo ọdún yẹn. Ìgbà tí a ṣe project tán, tí school lẹ orúkọ àwọn tó ń lọ NYSC, mo wá orúkọ mi látòkè dé ìsàlẹ̀, mo tún wá a látìsàlẹ̀ padà sókè, kò sí níbẹ̀. Ìdí ẹ̀ ni pé ohun tí school bá fi ránṣẹ́, NYSC máa ń fi wé ohun tó wà lọ́wọ́ JAMB, school ní Computer Science, JAMB ní Mathematics, lójú wọn èèyàn méjì nìyẹn.

Kubwa ni wọ́n gbé ẹni tí a jọ ń gbé yàrá lọ, camp ti Abuja. Ó ní kí n bá òun mú bàtà kánfáàsì funfun òun wá, mo wọ mọ́tò láti Nyanya, mo dúró lẹ́nu géètì, mò ń wo àwọn ẹgbẹ́ mi nínú aṣọ funfun tí wọ́n ń sáré síwá sẹ́yìn, sójà ń fun fèrè. Mo fún un ní bàtà ẹ̀, mo kí i kú oríire, ó sì wá látọkàn mi. Ìgbà tí mo jókòó sínú mọ́tò tí mò ń padà ni omi wá lójú mi.

Ní ọjọ́ kejì mo lọ sí Bwari, sí JAMB. Wọ́n dá mi lóhùn dáadáa, wọ́n ní kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn ló ti máa bẹ̀rẹ̀: kí n kọ́kọ́ wọlé sórí portal kí n béèrè fún àyípadà kọ́ọ̀sì, kí school dámọ̀ràn orúkọ mi sórí CAPS, ètò ádímíṣọ̀n tí wọ́n ti ń lò láti 2017, kí èmi náà tẹ̀ ẹ́ pé mo gbà, kí n wá tẹ lẹ́tà tuntun jáde. Ti school yẹn ló pẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rìnrìn àjò padà síbẹ̀. Ọjọ́ tí lẹ́tà yẹn jáde ní kafe, mo ka ìlà ibi tí wọ́n kọ Computer Science sí tó ìgbà mẹ́ta. Àmọ́ batch ti lọ láìsí mi, ibi iṣẹ́ kan ní Wuse tí wọ́n ní kí n wá tí mo bá ti parí NYSC ti fi ẹlòmíì síbẹ̀.

Àwọn àgbà ní kí ojú má rí ibi, ẹsẹ̀ loògùn ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí dípáátímẹ́ǹtì tuntun bá gbà yín náà ni kẹ́ ẹ ti fẹsẹ̀ yín rìn dé admission office, kẹ́ ẹ béèrè CAPS, kẹ́ ẹ má sì sinmi títí lẹ́tà JAMB tuntun á fi wà lọ́wọ́ yín.

Ìwọ tó ń lọ Ilọrin, tìẹ tún gùn ju tèmi lọ, torí school méjì àti JAMB ló máa fọwọ́ sí i. Transcript ẹ, ìyẹn ìwé tó to gbogbo èsì ìdánwò ẹ, láti school dé school ni wọ́n máa ń fi í ránṣẹ́, wọn kì í gbé e lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, nítorí náà tètè bẹ̀rẹ̀. Bi wọ́n léèrè, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ, level wo ni wọ́n máa fi ẹ́ sí, torí ẹni tó wà ní 300 lè bá ara ẹ̀ ní 200. Tí school tó fẹ́ gbà ẹ́ kò bá tíì fún ẹ ní lẹ́tà, má dá owó school ẹ níbí dúró, má sì fi ìdánwò kankan sílẹ̀. Tó bá jẹ́ Medicine tàbí Law lo fẹ́ bọ́ sí, mọ̀ pé ilẹ̀kùn yẹn há, torí MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ dókítà, àti Council of Legal Education, ti àwọn lọ́yà, ló ń sọ iye ọmọ tí school kọ̀ọ̀kan lè gbà. Kóo sì ka ọjọ́ orí ẹ mọ́ ọn, ẹni tó bá ti kọjá ọgbọ̀n ọdún kó tó gboyè jáde, ìwé exemption, pé kò ní lọ sìnlú, ni NYSC máa fún un.

Ọ̀rọ̀ digirí méjì ò gùn. Ohun tí ẹ ń gbọ́ pé wọ́n ń ṣe ní Amẹ́ríkà, tí ọmọ kan á máa ka nǹkan méjì ní school kan, ètò tiwọn ló gbà á bẹ́ẹ̀. Níbí, ádímíṣọ̀n full-time méjì lẹ́ẹ̀kan náà lórúkọ ẹnì kan máa dá wàhálà sílẹ̀ fún ẹ lọ́dọ̀ JAMB, o sì lè tipa bẹ́ẹ̀ pàdánù méjèèjì. Parí ọ̀kan. Tó bá ṣì wù ẹ́ lẹ́yìn náà, NOUN, yunifásítì téèyàn ti lè máa kàwé láti ilé, wà ní Jabi níbí, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń lọ ṣe ìkejì níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ.

Ẹni tó bá ti kúrò ní dípáátímẹ́ǹtì kan bọ́ sí òmíì nínú yín, kó mú lẹ́tà JAMB ẹ̀ dání lọ́jọ́ Sunday lẹ́yìn service, ká jọ wo ohun tó wà lórí ẹ̀.