Ta ló kọ́kọ́ jẹ ọbẹ̀ rẹ?

Bí o bá ra apẹ̀rẹ̀ tòmáàtì ní Ọjà Ọba, Òṣogbo níbí, mú ọ̀kan nísàlẹ̀ pátápátá kí o wò ó. Ibi tí ara apẹ̀rẹ̀ ti gún un, awọ ti là, omi ń jò, ibẹ̀ sì ti rọ̀. Ògiri ti lanu, aláǹgbá ti wọlé. Yọ ọ́ kúrò kíá, torí omi tó ń jò lára rẹ̀ ló máa kó bá ìyókù.

Ohun ẹlẹ́mìí ló ń mú nǹkan rà: bakitéríà tí ojú lásán ò lè rí, àti irú olú wẹ́wẹ́ tó ń mú búrẹ́dì bu. Wọn ò léyín. Ṣe ni wọ́n ń tu ohun tó ń yọ́ oúnjẹ jáde, wọ́n á wá fa èyí tó yọ́ mu. Ìdí nìyẹn tí ohun tó rà fi máa ń ṣomi. (Ká ní wọn ò sí ni, ewé tó ń já nínú Igbó Ọ̀ṣun ì bá ti bo igi mọ́lẹ̀.)

Ti òkú ẹran tún yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ̀mí bá ti bọ́, ara fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ara rẹ̀, àwọn bakitéríà inú ìfun á sì bọ́ síta. Gáàsì wọn ló ń mú ikùn wú. Ẹ wá rí i pé alápatà ò kí í fi ìfun falẹ̀.

Ọbẹ̀ ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Láàárín 5°C sí 60°C ni ara tu bakitéríà jù, ọ̀kan sì lè di méjì ní ìṣẹ́jú 20. Ní wákàtí 8, ọ̀kan náà lè di mílíọ̀nù 16 ó lé. Ìkòkò ńlá tí o dé lálẹ́, àárín rẹ̀ á ṣì máa lọ́wọ́ọ́wọ́ di òru. Híhó ò sì pa gbogbo wọn: àwọn kan ń di bí irúgbìn tí iná ò ràn, ọbẹ̀ á lọ́wọ́ọ́wọ́, wọ́n á hù. Nínú ìrẹsì, májèlé tí àwọn kan ti tú sílẹ̀ ò ní lọ bí o tilẹ̀ tún un gbé kaná.

Nítorí náà, bu ọbẹ̀ sínú abọ́ pẹrẹsẹ, kó má jìn ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ. Gbé abọ́ náà lé omi tútù, kó sì wọ fíríìjì kí wákàtí 2 tó pé, níbi tí òtútù ti jẹ́ 4°C tàbí kó dín. Má fi ṣíbí tí o ti fi jẹun bù ú. Bí iná ò bá dúró, se ìwọ̀n tó máa tán lọ́jọ́ náà. Ata tí o fẹ́ tọ́jú, sè é títí omi rẹ̀ á fi gbẹ kí o tó da òróró sí i, torí omi ni bakitéríà ń wá. Gàrí àti èlùbọ́ ń pẹ́ nítorí pé wọ́n gbẹ. Bí wọ́n bá fa ọ̀rinrin lásìkò òjò, wọ́n á bu.

Kíkan ògì yàtọ̀ sí kíkan ọbẹ̀ ṣá o. Bí àgbàdo bá wà nínú omi fún ọjọ́ 2 sí 3, bakitéríà tó ń mú un kan ń sọ ibẹ̀ di ibi tí àwọn yòókù ò lè gbé. Pààrọ̀ omi orí ògì lójoojúmọ́. Bí o bá rí àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú lójú rẹ̀, tàbí tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, àlejò míì ti wọlé. Dà á nù.