Ọjọ́ Tí Ṣéènì Jẹ Ṣòkòtò Mi

Kí n tó sọ bí ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi ṣe di àsíá, ó yẹ kí ẹ mọ irú awakọ̀ tí mo jẹ́. Láti ọdún 19 tí mo ti ń wakọ̀, mi ò ka kẹ̀kẹ́ ológeere sí nǹkan kan. Lójú tèmi, bí ewúrẹ́ tó já okùn ló rí: ó ṣìnà dé ojú títì, kí ẹni tó ni ín wá mú un lọ sílé. Bí mo bá rí oníkẹ̀kẹ́ níwájú báyìí, ọwọ́ mi á ti dé orí fèrè kí ojú mi tó rí i tán. Pọ̀ọ̀ọ̀! Bí mo bá sì fẹ́ ré e kọjá, mo máa ń sún mọ́ ọn dáadáa, kó lè mọ̀ pé ilẹ̀ onílẹ̀ lòun wà.

Mo kúkú ti bẹ̀rẹ̀ ìjẹ́wọ́, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ tán. Nígbà kan, mo ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ láìwẹ̀yìn, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ sì fi àyà sọ ọ́. Iwájú ẹsẹ̀ mi ló balẹ̀ sí. Ọlọ́run yọ ọ́, kò fara pa. Ẹ wá gbọ́ ohun tó ti ẹnu mi jáde: "Ṣé o ò rí mi ni?" Ẹni tó wà nílẹ̀ ni mo ń bi! Ó dìde, ó gbọn eruku ìdí rẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, sà." Mo dárí jì í. Mo tún gbà á nímọ̀ràn pé kó máa ṣọ́ra.

Ọmọbìnrin mi, Tómi, ọmọ ọdún 13, ló kọ́kọ́ gbé ẹjọ́ àwọn oníkẹ̀kẹ́ wọlé wá bá mi. Ó wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ tí mo fọn fèrè mọ́ bàbá arúgbó kan tó ń rọra gun kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ lọ. Ó ní, "Dádì, ẹ̀gbọ́n ọkọ̀ ni kẹ̀kẹ́ o."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n báwo?"

Ó ní ọdún 1817 ni Karl Drais gun ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ méjì tirẹ̀ jáde ní Jámánì. Igi ni wọ́n fi ṣe é, kò ní pẹ́dálì, ẹsẹ̀ lèèyàn fi ń ti ilẹ̀ kó tó lọ. Ọdún 1886 ni Carl Benz tó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọkọ̀ tó ń lo epo, ní Jámánì kan náà. "Ẹ yọ ọ́ wò, Dádì. Ọdún 69 ni ẹ̀gbọ́n fi ju àbúrò lọ." Ó tún ní táyà oníafẹ́fẹ́ tí mo fi ń yangàn yìí, tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dunlop gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ lọ́dún 1888, torí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ọmọ rẹ̀ ni Dunlop ṣe ṣe é. Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà ni àbúrò gbà á wọ̀. Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn ọkọ̀. Ó ní irú àbúrò wo ló máa gba aṣọ ẹ̀gbọ́n wọ̀, tó tún máa pariwo mọ́ ọn lójú títì?

A délé, ọmọ yìí ò tíì ṣe tán. Ó ní òfin ti wà ní àwọn ilẹ̀ kan tó sọ bí àyè ṣe gbọ́dọ̀ tó láàárín ọkọ̀ àti kẹ̀kẹ́ tí ọkọ̀ náà ń ré kọjá. Ní Jámánì, mítà 1.5 ló kéré jù láàárín ìlú, ó di mítà 2 lẹ́yìn ìlú. Ní Faransé, mítà 1 láàárín ìlú, mítà 1.5 lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní èmi ò tiẹ̀ mọ bí mítà kan ààbọ̀ ṣe gùn tó. Kí n tó pa ẹnu dé, ó ti nà gbalaja sílẹ̀ pálọ̀. "Èmi gan-an rèé. Wọ́n wọ̀n mí níléèwé, mítà 1.5 géérégé. Bí ẹ bá ti fẹ́ ré kẹ̀kẹ́ kọjá, kí ẹ ṣáà rò pé mo sùn sáàárín ẹ̀yin méjèèjì." Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kó dìde nílẹ̀ kí òtútù má mú un. Mo sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà pátápátá.

Ikùn mi ló rán mi létí. Dókítà wò ó, ó wò mí, ó ní kí n wá nǹkan máa ṣe sí i. Mo rántí kẹ̀kẹ́ àtijọ́ kan tó ti ń gba eruku sára lẹ́yìn ilé. Mo nù ún, mo fa táyà rẹ̀ le, mo yẹ bíréèkì wò. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wá, èmi àti kẹ̀kẹ́.

"Bàbá Tómi, ṣé kẹ̀kẹ́ yẹn gbọ́ sí ọ̀rọ̀ yìí?"

Mi ò dá a lóhùn. Mo dé akoto. Ó tún ní, "Ẹ ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò yẹn sókè, ó ti fẹ̀ jù." Mo ní ṣé ọmọdé ni mí ni? Àgbàlagbà á wá máa ká ṣòkòtò bí ẹni tó fẹ́ sọdá odò! Mo fi ẹsẹ̀ le pẹ́dálì, ó di ojú títì.

Ẹ gbọ́, títì tí mo mọ̀ kọ́ ni mo bá níbẹ̀. Ẹni tó bá wà nínú ọkọ̀ tó ń sáré kìlómítà 50 ní wákàtí kan, bí ẹni jókòó sí pálọ̀ ló máa ń rí lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n mítà 14 ni ọkọ̀ yẹn ń gbé mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí awakọ̀ bá fi ìṣẹ́jú àáyá méjì péré yọjú wo fóònù, mítà 28 ti lọ, ojú rẹ̀ ò sì sí níbẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ o, lórí ìwé. Orí kẹ̀kẹ́ ni mo ti wá gbọ́ ọ sára: fìììùn! Kòtò kékeré tí mi ò mọ̀ rí pé ó wà lójú ọ̀nà yẹn náà wá di ohun tí mo ń bá sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo wá ń retí Tómi láàárín wa. Tómi dà? Àyè tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ fi sílẹ̀ ò lè gbà ju ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ lọ. Èyí tó tẹ̀ lé e ò fi àyè ológbò sílẹ̀. Bọ́ọ̀sì kan kọjá, afẹ́fẹ́ rẹ̀ nìkan fà mí mọ́ra bí ẹni pé a jọ fẹ́ wọ ilé. Obìnrin kan ṣoṣo ló dẹwọ́ eré rẹ̀, ó dúró lẹ́yìn mi títí ọ̀nà fi là, ó wá fi odindi Tómi sílẹ̀, Tómi tó nawọ́ sókè pàápàá. Mi ò mọ̀ ọ́n rí, mo gbàdúrà fún un títí dé orí ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Ẹ má rò pé mímọ́ ni èmi wà o. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo tíì lò lórí kẹ̀kẹ́ tí mo ti kọ́ ìwà burúkú. Mo rí iná pupa, mo ní èmi kọ́ ni wọ́n tàn án fún, ṣebí mi ò wakọ̀. Mo yọ́ kọjá. Ìyá kan tó ń mú ọmọ sọdá dúró, ó wò mí láti orí akoto dé bàtà. Ó ní, "Bàbá ńlá báyìí!" Kò fi nǹkan kan kún un. Ojú tì mí dé ìdí.

Nígbà tí mo wá fẹ́ yà, mo ní n óò ṣe é bó ṣe yẹ. Mo wẹ̀yìn, mo na ọwọ́ gbọọrọ sí apá ibi tí mo ń lọ. Awakọ̀ tó wà lẹ́yìn mi na ọwọ́ tirẹ̀ náà jáde, ó ń rẹ́rìn-ín: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o!" Ó sì gba ibi tí mo fẹ́ yà sí gan-an kọjá lọ. Mi ò mọ̀ ọ́n rí láyé mi.

Oríta ńlá ni ọ̀rọ̀ ti wá dójú ẹ̀. Iná pupa tún tàn. Lọ́tẹ̀ yìí, mo dúró. Ṣùgbọ́n kí n tó dúró, mo ti yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù gàgàrà kan bọ́ sí iwájú, nítòsí ilẹ̀kùn rẹ̀, mo ń rò pé ọgbọ́n ni mo gbọ́n. Iná yí padà. Mo tẹ pẹ́dálì, mo gbọ́ krrr! Ṣéènì ti gbé ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi mì dé orúnkún. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ò gòkè, kò sọ̀kalẹ̀. Akẹ́rù bú ramúramù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìgbà yẹn ni mo rí iná tó ń ṣẹ́jú lára rẹ̀: ọ̀dọ̀ mi ló fẹ́ yà sí.

"Mo wà níbí o! Èèyàn wà níbí o!"

Ẹni tó wà lẹ́yìn wa wá gbé fèrè tirẹ̀ sókè. Pọ̀ọ̀ọ̀! Pọ̀ọ̀ọ̀! Mo mọ fèrè yẹn. Fèrè ti èmi fúnra mi ni, ọdún 19 ni mo fi fọn ọ́n. Inú bí mi, mo yíjú padà, mo sọ fún onífèrè náà ohun tí kò ṣeé kọ sílẹ̀ níbí. Àṣé akẹ́rù ló ń kìlọ̀ fún kó má ṣí. Òun ló gbà mí sílẹ̀, èébú ni mo sì fi san án. Títí di òní, bí mo bá rántí, mo máa ń bò ojú mi.

Ọ̀dọ́kùnrin tó ń wa akẹ́rù náà bọ́ sílẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ẹ má fà á o, ẹ jẹ́ kí n yí pẹ́dálì sẹ́yìn, á tú u sílẹ̀." Ó ṣì ń sọ ọ́ lọ́wọ́ tí mo fi fà á. Fààà! Ṣòkòtò ya láti ọrùn ẹsẹ̀ dé itan. Ó wò ó, ó gbé ojú kúrò, ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa.

Nígbà tí a kọjá oríta tán, tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó ní kí n wá wo nǹkan kan. Mo fi kẹ̀kẹ́ ti ara akẹ́rù, ní irú ibi tí mo dúró sí lẹ́ẹ̀kan náà, mo gun òkè lọ jókòó sí àyè rẹ̀. Ó ní, "Ẹ wo dígí, sà." Mo wo dígí. Mo wo èkejì. Mo na ọrùn.

"Olè! Wọ́n ti gbé kẹ̀kẹ́ mi lọ!"

Mo fò sílẹ̀, ṣòkòtò ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn mi. Kẹ̀kẹ́ wà níbi tí mo fi í sí, kò mira. Mo tún gòkè. Kẹ̀kẹ́ ò sí mọ́! Mo tún sọ̀kalẹ̀. Ọmọkùnrin yìí ti di ìdí mú, omi ẹ̀rín ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ibẹ̀ yẹn náà lẹ wà, sà. Bí ẹ ò bá ti rí ojú mi nínú dígí, èmi náà ò rí yín. Ẹ máa dúró sẹ́yìn mi."

Mo dúpẹ́, mo fi okùn tó fún mi so àkísà mọ́ ẹsẹ̀, mo forí lé ilé. Kò pẹ́ tí ó fi bá mi lọ́nà. Ó fi Tómi méjì sílẹ̀ kó tó kọjá, ó sì fọn fèrè pẹ̀ẹ́, pẹ̀ẹ́, bí ẹni kí èèyàn. Inú mi dùn, mo na ọwọ́ láti kí i padà.

Ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn mi rí ọwọ́ náà. Ó rọra dúró. Èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dúró. Àwọn tó ń bọ̀ láti iwájú náà dúró. Awakọ̀ náà wá fi ọwọ́ júwe fún mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ọ̀nà ti là, kí n yà. Gbogbo títì pa rọ́rọ́, èmi ni wọ́n ń wò. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ pé mi ò yà mọ́?

Mo yà. Mi ò mọ ẹnì kankan lójúlé yẹn. Mo ṣì ń wá ibi tí màá ti yí padà nígbà tí ajá kan yọ, ó rí ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi tó tún ti tú, ó sì tẹ̀ lé e.