Àtàǹpàkò tí ò jẹ́ kí n sùn

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló rán mi níṣẹ́ kí n máa fi eyín ya awọ etí èékánná? Inú mọ́tò ni mo wà, mò ń ti Oǹdó bọ̀ ní Àkúrẹ́, mo kàn ń jẹ èékánná bí ọmọdé, mi ò mọ̀ pé wàhálà ni mò ń rà. Ọjọ́ kejì, etí àtàǹpàkò ti pọ́n, ó wú, ó ń sọ kúlúkúlú bí ẹni pé ọkàn mi ti sọ̀kalẹ̀ síbẹ̀, mi ò lè di orógùn mú débi tí màá ro púpurú.

Ìyá kan ládùúgbò ní kí n fi abẹ́rẹ́ tú u. Há! Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ni mò ń ki ìka bọ̀ ní tèmi, ìṣẹ́jú 15, ẹ̀ẹ̀mẹta sí mẹ́rin lójúmọ́, màá sì nù ún gbẹ. Nígbà tí mo wá rí ọyún lábẹ́ awọ, mo gba ọsibítù lọ, nọ́ọ̀sì là á díẹ̀, ara tù mí lójú ẹsẹ̀. Kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n ń pè ní Staphylococcus ló sábà máa ń fa irú etí èékánná wíwú báyìí, ara awọ wa náà ló ń gbé tẹ́lẹ̀, ibi tó ti máa rí àyè wọlé ló ń wá. Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ, tàbí tí pípọ́n yẹn bá ń gun apá lọ tòun ti ibà, kó má jókòó sílé o.

Àwọn tí ọwọ́ wọn kì í kúrò nínú omi, bí àwọn tó ń sẹ́ fùfú, tiwọn lè pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ 6 lọ, kí wọ́n yáa máa wọ ìbọ̀wọ́. Èmi ti ra néèlì kọ́tà tèmi, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yá a. Àmọ́ tí mo bá ti wọ mọ́tò báyìí, eyín ṣì máa ń yún mi.