Ọjà Ọba l'Óṣogbo

Ẹni tó bá fẹ́ mọ Òṣogbo dáadáa, kó má kọ́kọ́ sáré lọ sí igbó Òṣun tí UNESCO kọ orúkọ ẹ̀ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005 yẹn o, kó wá sí Ọjà Ọba nítòsí ààfin Àtáọ́ja, kó kàn rìn kiri. Ọlọ́kadà á máa fọn fèrè bíi wèrè, ìyá aláta á ní "ọmọ mi, màmá ẹ ńkọ́, ṣé wọ́n wà?", ìgbà míì ó máa ń sú mi o, àmọ́ inú mi máa ń dùn ṣá. L'Ékòó tí mò ń gbé báyìí, mi ò tiẹ̀ mọ orúkọ ẹni tá a jọ pín ògiri. Tó bá wá di August tí ọdún Òṣun dé, háà, títì ò ní gba ẹsẹ̀ mọ́!