Kásẹ́ẹ̀tì 31: àyẹ̀wò ọdún mi

Ní oṣù kìn-ín-ní, mo kọ ọ́ sínú ìwé pé kí ọdún yìí tó parí, èmi àti ọ̀rẹ́ mi tí a jọ dá ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń gbé orin jáde sílẹ̀ yóò ti kó démò àwọn ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì tó wà ní yunifásítì nígbà tiwa jọ sínú àwo kan. Démò ni orin tí ẹgbẹ́ kan gbà sílẹ̀ kí wọ́n lè gbọ́ bí ó ṣe ń dún, tàbí kí wọ́n lè mú un lọ bá ẹni tó lè náwó lé wọn lórí, nítorí náà ìwọ̀nba ènìyàn ló máa ń rántí tọ́jú rẹ̀. Ọdún ti parí tán, àwo náà kò sì tíì jáde. Síbẹ̀, iṣẹ́ yìí ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọjọ́ Sátidé mi, ó sì yẹ kí n sọ ibi tí a bá a dé.

Kásẹ́ẹ̀tì 31 ló tẹ̀ wá lọ́wọ́. A rí wọn nínú àpótí aṣọ, lábẹ́ ibùsùn, àti nínú ọkọ̀ kan tó ti dẹnu kọlẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Mẹ́sàn-án nínú wọn ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Téèpù inú kásẹ́ẹ̀tì kò fẹ̀ tó mìlímítà 4, ohun tó sì gbé orin dúró lára rẹ̀ kò ju lẹ́búlẹ́bú irin tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ọ̀rá tín-ín-rín lọ. Nígbà tí ooru àti ọ̀rinrin bá ti ba gọ́ọ̀mù yẹn jẹ́, lẹ́búlẹ́bú náà á máa ṣí kúrò bí téèpù ṣe ń lọ, á lẹ̀ mọ́ orí ẹ̀rọ, ìyẹn irin kékeré tó ń ka ohùn lára téèpù, orin tí ènìyàn ń gbọ́ lọ́wọ́ á sì máa tán lọ lójú ẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń nu orí ẹ̀rọ lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, tí mo sì ń gba ohùn náà sínú kọ̀ǹpútà láti ìgbà àkọ́kọ́ tí mo bá tẹ̀ ẹ́.

Àṣìṣe ńlá kan wà tí mo ṣe títí di oṣù kẹrin. Mi ò mọ̀ pé orí ẹ̀rọ tí wọ́n fi gba orin sílẹ̀ lè dẹ̀gbẹ́ díẹ̀ ju ti ẹ̀rọ tèmi lọ, àti pé bí àwọn méjèèjì kò bá dọ́gba, ohùn tín-ín-rín á pòórá, orin á sì máa dún bí ohun tí a fi aṣọ bò. Ìdè kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí náà tí a lè fi súkúrúdíráfà rọra yí títí ohùn yóò fi mọ́. Kásẹ́ẹ̀tì mẹ́fà ni mo ti parí kí n tó mọ èyí, mo sì tún gbogbo wọn ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àwo tí a fi ṣe àwòkọ́ṣe ni Deep Six, tí ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ C/Z Records gbé jáde ní ìlú Seattle, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1986. Chris Hanzsek àti Tina Casale ló dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀. Wọ́n kó ẹgbẹ́ mẹ́fà jọ: Green River, Malfunkshun, Melvins, Skin Yard, Soundgarden àti U-Men, wọ́n sì tẹ ẹ̀dà 2,000, èyí tí kò tà wéré rárá. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ni gbogbo ayé wá mọ Soundgarden, tí àwọn kan láti inú Green River sì lọ dá Mudhoney àti Pearl Jam sílẹ̀. Kì í ṣe òkìkí yẹn ló wù mí nínú àwo náà. Ohun tó wù mí ni pé wọ́n gba àwọn ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ nígbà tí wọn kò tíì mọ irú olórin tí wọ́n máa dà, wọn kò sì dúró kí orin náà pọ́n tán.

Èkejì ni démò tí Nirvana, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Amẹ́ríkà, gbà sílẹ̀ lọ́dọ̀ Jack Endino, ẹni tó ń gba orin sílẹ̀ ní sítúdíò Reciprocal ní Seattle, ní ọjọ́ 23 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1988. Orin mẹ́wàá ni wọ́n ṣe ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n sì san dọ́là 152 àti sẹ́ńtì 44. Téèpù tán kí orin tó kẹ́yìn tó parí, kò sì sí owó òmíràn. Endino fún Jonathan Poneman ti Sub Pop, ilé iṣẹ́ tó ń gbé orin jáde ní Seattle, ní ẹ̀dà kan, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Nirvana ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti gbọ́ ibi tí orin yẹn ti já lọ́pọ̀ ìgbà lọ́dún yìí, nítorí pé ó yanjú àríyànjiyàn kan láàárín èmi àti ọ̀rẹ́ mi.

Ọ̀rẹ́ mi fẹ́ kí a fi kọ̀ǹpútà fọ gbogbo ariwo kúrò. A dán an wò lára orin kan, àmọ́ bí ariwo téèpù ṣe ń lọ ni ó ń gbé mímú ohùn ìlù lọ pẹ̀lú rẹ̀, akọrin sì wá ń dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú ìkòkò omi. Nínú orin mìíràn, a ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ níta láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Epo tán nínú rẹ̀ kí orin tó parí, mọ́tò ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ sì ń falẹ̀ títí tó fi dúró. Nítorí náà, bí a bá gbé e sí i lónìí, ohùn akọrin á bẹ̀rẹ̀ sí í yára, á máa ga sókè, á sì já lójijì. Mo ní kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí yàrá yẹn ṣe rí lálẹ́ ọjọ́ náà nìyẹn, àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin tó dáwó epo kò sì ní ju èyí tí wọ́n rà lọ. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ọ̀rẹ́ mi tó gbà.

Kì í ṣe òní ni téèpù ti ń sọnù ní ìlú wa. Nígbà tí Paul McCartney, tó wà nínú ẹgbẹ́ Beatles tẹ́lẹ̀, wá sí Èkó ní ọdún 1973 láti ṣe àwo rẹ̀ ní sítúdíò EMI, àwọn olè yọ ọ̀bẹ sí òun àti ìyàwó rẹ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n sì kó àwọn démò rẹ̀ lọ, ó sì di dandan kí ó rántí àwọn orin náà látorí. Ní ti àwọn olórin rọ́ọ̀kì tiwa nígbà náà, irú BLO àti Ofege, ó di ọdún 2016 kí ilé iṣẹ́ Now-Again tó kó púpọ̀ nínú wọn jọ sínú àkójọ orin tó ń jẹ́ Wake Up You!, pẹ̀lú ìtàn tí Uchenna Ikonne kọ. Amẹ́ríkà ni ilé iṣẹ́ yẹn wà. Inú mi dùn pé wọ́n ṣe é, ó sì dùn mí pé àwa kọ́ la kọ́kọ́ ṣe é.

Ní oṣù kẹjọ, a lọ sí Abẹ́òkúta, sọ́dọ̀ ìyá ọ̀rẹ́ wa kan tó ti di olóògbé, ẹni tó kọ mẹ́ta nínú àwọn orin tó dára jù. Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ Màmá. Wọ́n sọ fún wa kí a tó jókòó pé àwọn ti fi gba ìwàásù sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, pé àwọn kò mọ̀ pé orin ọmọ àwọn ló wà níbẹ̀. A tẹ́tí sí ìwàásù náà dé ìparí. Nígbà tí oníwàásù ṣe àmín tó sì dákẹ́, gìtá bọ́ sí i, ohùn ọ̀rẹ́ wa sì tẹ̀ lé e, fún ìṣẹ́jú àáyá 40 péré, kí téèpù tó tán. Màmá kò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀.

“Dá a padà sẹ́yìn, ọmọ mi,” ni wọ́n wí.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo dá a padà. Wọ́n fún wa láṣẹ láti lò ó, wọ́n sì ní kí a kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún sára àwo, títí kan oríkì rẹ̀.

Orin 14 la yàn. A ti gba àṣẹ lórí 12, a kò sì tíì rí àwọn tó kọ méjì tó kù. Ìyẹn ló dá wa dúró. Àwọn kan gbà wá nímọ̀ràn pé kí a gbé e jáde ná, pé bí ẹni tó ni orin bá yọjú, a ó bá a sọ̀rọ̀. Mi ò fara mọ́ ọn. Ẹni tó gba orin sílẹ̀ fún etí ara rẹ̀ ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ bóyá kí ẹlòmíràn gbọ́ ọ.

A ti to àwọn orin náà tán. Ìṣẹ́jú àáyá 40 yẹn ló máa parí ojú kejì, a sì fi àmín oníwàásù náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀.