Pápá àgùntàn létí A1

Ó tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń gba ọ̀nà A1 lọ síbi iṣẹ́ òru ní Peterborough, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí mo sì ń rí òpó gíga kan tí ẹyẹ idì onídẹ bà lé lórí. Mo ti gbà pé ọ̀ṣọ́ lásán ni. Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń to ẹrù ló sọ fún mi lóru ọjọ́ kan pé, "Àbúrò, òkú 1,770 ni wọ́n torí rẹ̀ gbé òpó yẹn dúró ní 1914." Oorun dá lójú mi.

Ọjọ́ tí àyè wá gbà wá, a lọ síbẹ̀. Norman Cross lorúkọ ibẹ̀. Kí la rí? Koríko, àgùntàn, ilẹ̀ tó rí gbágungbàgun díẹ̀ bí ebè tí olóko ti pa tì, ariwo ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Orí ilẹ̀ yìí ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n sí ní 1797 fún àwọn tí wọ́n mú lójú ogun, nígbà tí wọ́n ń bá Faransé jà, títí kan ayé Napoleon. Ibẹ̀ jìnnà sí òkun, kí ẹni tó bá sá má tètè rí ọkọ̀ ojú omi wọ̀. Àwọn ará Họ́láńdì wà nínú àwọn tó kọ́kọ́ dé. Nígbà tó kún, ó gba nǹkan bí 7,000 ènìyàn. Peterborough fúnra rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà.

Pákó ni wọ́n fi kọ́ ilé ibẹ̀. Nígbà tí ogun parí, wọ́n tú u, wọ́n tà á ní gbàǹjo ní 1816. Ìdí nìyẹn tí ojú lásán kò fi rí nǹkan púpọ̀. Àwọn awalẹ̀pìtàn wá gbẹ́ ibẹ̀ ní 2009. Ohun tí irú wọn máa ń wá ni àwọ̀ ilẹ̀: ibi tí wọ́n bá ti ri òpó mọ́lẹ̀ rí, erùpẹ̀ tó padà dí ihò rẹ̀ kì í jọ ti àyíká rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá ti gbẹ́ ilẹ̀ rí yóò gbà pé òótọ́ ni.

Egungun ni ohun tó mú mi lọ́kàn jù (egungun o, kì í ṣe egúngún). Àwọn ẹlẹ́wọ̀n kò da egungun ẹran tí wọ́n bá jẹ nù. Wọ́n ń gé e, wọ́n ń dán an, wọ́n ń fi ṣe dómínò, ọkọ̀ ojú omi, àní ẹ̀rọ tí Faransé fi ń bẹ́ orí. Wọ́n ń tà á fún àwọn ará àdúgbò lẹ́nu ọ̀nà ọgbà. Púpọ̀ nínú rẹ̀ wà nílé ìṣẹ̀ǹbáyé Peterborough. Mo tẹ̀ mọ́ gíláàsì títí tí èémí mi fi bò ó: okùn ọkọ̀ náà fẹ́lẹ́ bí irun orí.

Wọ́n tún ń hun koríko àlìkámà fún fìlà, ṣùgbọ́n ìjọba fòfin de èyí nítorí pé ó ń ba ọjà àwọn ará ìlú jẹ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ kan ló ń bá wọn gbé e jáde. "Fàyàwọ́!" lẹ̀gbọ́n wí, inú rẹ̀ sì dùn bí ẹni pé ó rí ará ilé. Àwọn mìíràn ń ta tẹ́tẹ́ títí wọ́n fi fi oúnjẹ àti aṣọ ọrùn wọn ta á.

Àìsàn ló pa ọ̀pọ̀ jù. Typhus, ibà tí iná ara, kòkòrò inú aṣọ, máa ń gbé kiri, pa wọ́n lé ní 1,000 láàárín 1800 sí 1801.

Ẹ̀gbọ́n bi mí bóyá dúdú wà láàárín wọn. Portchester ni mo mọ̀ dájú, ilé odi létí òkun nítòsí Portsmouth: ní 1796 wọ́n kó ẹlẹ́wọ̀n tó lé ní 2,000 débẹ̀ láti erékùṣù Kàríbíánì, dúdú ló pọ̀ jù nínú wọn, sójà tó jà fún Faransé. Àti oòrùn Saint Lucia bọ́ sínú òtútù yìí!

Lóru ọjọ́ Ajé, a jókòó jẹun lásìkò ìsinmi. Mo jẹ adìyẹ tán, mo ń yí egungun itan rẹ̀ wò. Ẹ̀gbọ́n wò mí, ó ní, "Jọ̀ọ́ dà á nù, a ò ní ta dómínò níbí."