Tirakítọ̀ Asáré Àlòkù fún Ẹrù Ojú Títì àti Koríko Gígé: Ẹ̀kọ́ fún Ẹ̀yin Àbúrò Wa

Ẹ̀yin àbúrò wa tẹ́ ẹ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe oko nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìbéèrè kan náà lẹ máa ń gbé wá: "Ẹ̀gbọ́n, èwo ni ká rà, ṣé Fastrac ni, àbí Fendt, àbí ká wá Unimog?" Fastrac ni tirakítọ̀ asáré ti JCB, Fendt jẹ́ tirakítọ̀ láti Jámánì, Unimog sì jẹ́ ọkọ̀ Mercedes tó ń ṣiṣẹ́ bíi tirakítọ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó dá yín lóhùn, ẹ mú ìwé kan. Ẹ kọ iye wákàtí tí ẹ̀rọ yẹn máa lò lójú títì lọ́sẹ̀ kan nígbà tí iṣẹ́ bá gbóná, kẹ́ ẹ kọ iye tó máa lò nínú koríko sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà méjèèjì yẹn ló ń yan tirakítọ̀. Bí ojú títì bá kó ju ìdajì lọ, bíréèkì, sípíríǹgì àti táyà lẹ ń rà, ẹ́ńjìnnì kàn bá wọn wá ni. Bí koríko bá kó ju ìdajì lọ, àwọn jíà tó wà láàárín 8 sí 15 km/h lẹ ń rà, pẹ̀lú PTO iwájú (ọ̀pá tó ń yí láti fún ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ tirakítọ̀ lágbára) tó le àti rédíétọ̀ tó mọ́. Hp, ìyẹn agbára ẹ́ńjìnnì, ni ọ̀pọ̀ yín fi ń bẹ̀rẹ̀ ìdúnàádúrà, bẹ́ẹ̀ òun ló yẹ kẹ́ ẹ bi gbẹ̀yìn.

Òfin ló ń sọ bóyá eré tẹ́ ẹ fẹ́ rà yẹn wúlò fún yín. Láti oṣù Kẹta 2015, tirakítọ̀ tó ń fa tírélà oko lè sá 40 km/h lójú títì. 32 ni tẹ́lẹ̀. Àpapọ̀ tirakítọ̀ àti tírélà kò gbọdọ̀ ju tọ́ọ̀nù 31 lọ, tírélà fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 18.29 lọ. Kí tirakítọ̀ tó lè kọjá 40 km/h títí dé 65, ó gbọ́dọ̀ ní sípíríǹgì níwájú àti lẹ́yìn, àti bíréèkì tó súnmọ́ ti ọkọ̀ akẹ́rù. Tírélà tó ń fà náà gbọ́dọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ibí yìí ni owó púpọ̀ ti ń ṣòfò: wọ́n á ra ẹ̀rọ tó ń sá 65, wọ́n á so tírélà àtijọ́ tó ní páìpù bíréèkì haidirọ́líìkì kan ṣoṣo mọ́ ọn. Ẹrù kan náà tó ń sá 65 ní agbára ìkọlù tó ju ìlọ́po méjì àti ààbọ̀ ti èyí tó ń sá 40. Bíréèkì tó dá a dúró ní 40 kò ní dá a dúró ní 65. Bí owó yín bá ká ẹyọ kan, ẹ ra tírélà tó dáa ṣáájú, èyí tó ní páìpù atẹ́gùn méjì, pupa tó ń gbé atẹ́gùn wá àti yẹ́lò tó ń gbé àṣẹ bíréèkì.

Ẹ tún mọ̀ pé láti 20 oṣù Karùn-ún 2018, tirakítọ̀ tó lè kọjá 40 km/h, tó ń kó ẹrù ìṣòwò tó jìnnà sí ibùdó rẹ̀ ju máìlì 15 lọ, ti bọ́ sábẹ́ ìdánwò ọdọọdún bíi ti ọkọ̀ akẹ́rù. Ọ̀rọ̀ epo náà kò kéré. Láti oṣù Kẹrin 2022, dísù pupa (èyí tí wọ́n fi àwọ̀ pupa sí, tí owó orí rẹ̀ kéré) wà fún iṣẹ́ oko, iṣẹ́ igbó àti ìwọ̀nba iṣẹ́ mìíràn. Kíkó òkúta tàbí yẹ̀pẹ̀ ilé fún oníkọ́ńtíráàtì kò sí lára wọn. Nígbà tí àyípadà yẹn bẹ̀rẹ̀, owó orí lítà dísù funfun jẹ́ 52.95 pẹ́nsì, ti pupa 10.18. Owó orí ẹ̀rọ tó ń mu lítà 200 dísù funfun lóòjọ́ yóò fi £85 àti díẹ̀ ju ti ẹlẹ́pupa lọ lójúmọ́. Ẹ ro iyẹn mọ́ iye tẹ́ ẹ máa gbà lórí ẹrù kan kẹ́ ẹ tó gba iṣẹ́. Ẹ fọ táńkì àti fílítà ẹ̀rọ tó ti fi pupa ṣiṣẹ́ dáadáa kẹ́ ẹ tó gbé e lọ sí iṣẹ́ òkúta, torí àwọ̀ pupa kì í tètè kúrò, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì máa ń ki ọ̀pá bọ táńkì lójú ọ̀nà.

JCB Fastrac ló kó ọjà yìí jù. Ọdún 1991 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á, Cheadle ní Staffordshire ni wọ́n ti ń ṣe é. Sípíríǹgì wà lórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bíréèkì onídísìkì sì wà lórí gbogbo wọn. Àwọn àkọ́kọ́ lo ẹ́ńjìnnì Perkins, lẹ́yìn náà Cummins dé. Àwọn Fastrac 4000 tó jáde lẹ́yìn 2014 gba ẹ́ńjìnnì AGCO Power àti jíà tí kò ní ìpele. Eré tí wọ́n fi ọ̀kan tí wọ́n tún ṣe sá ní pápá Elvington ní 2019, tó kọjá máìlì 150 ní wákàtí kan, kò kan èyí tẹ́ ẹ fẹ́ rà rárá. Ẹ̀rọ àkànṣe ni.

Bẹ́ ẹ bá dé iwájú Fastrac, ẹ má tíì tan ẹ́ńjìnnì. Ẹ tẹ̀ ba, kẹ́ ẹ wo dísìkì kọ̀ọ̀kan láti inú rímù (irin tó gbé táyà). Tó bá jẹ́ pé mẹ́ta ń dán bíi ọ̀bẹ, tí ìkẹrin sì ní ìpẹtà, kálípà ìkẹrin (ohun tó ń di dísìkì mú) kò ṣiṣẹ́. Pístọ̀nù rẹ̀ ti dì, torí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀ ní gbogbo ìgbà òtútù. Ẹ fi ìka tó etí dísìkì: tí etí bá ga bíi bèbè àwo, dísìkì ti jẹ púpọ̀. Ẹ fa okùn fáàfù tó wà lábẹ́ táńkì atẹ́gùn. Omi lásán kò burú. Ọ́ìlì dúdú tàbí ohun funfun bíi ògì túmọ̀ sí pé kọ́mpúrẹ́sọ̀ ń tu ọ́ìlì jáde, kò sì sí ẹni tó pààrọ̀ fílítà tó ń gbẹ omi kúrò nínú atẹ́gùn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tan ẹ́ńjìnnì títí ìkìlọ̀ atẹ́gùn á fi kú, ẹ pa á, ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Bí ọwọ́ géèjì bá ń sọ̀kalẹ̀, ẹ gbọ́ ibi tó ti ń sín. Páìpù ni ó máa ń sábà jẹ́, ṣùgbọ́n tí ó bá wá láti inú fáàfù ńlá, iye owó náà yàtọ̀.

Sípíríǹgì ẹ̀yìn rẹ̀ ń lo ọ́ìlì àti gáàsì náítírójínì nínú bọ́ọ̀lù irin. Nígbà tí gáàsì bá tán, ẹ̀rọ á le bíi kẹ̀kẹ́ tí kò ní sípíríǹgì, orí ẹni tó ń wà á á máa fò. Ẹ gbé e sórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ẹ wọn àlàfo láàárín férémù àti àkísù lápá òsì àti ọ̀tún. Kò yẹ kó yàtọ̀ púpọ̀. Búṣìn ọ̀pá tó ń di àkísù mú kó má rìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ máa ń jẹ, ẹ̀rọ náà á wá máa fà lọ fà bọ̀ tó bá kọjá 50. Ẹ ní kí ẹnìkan yí ìdarí síwá sẹ́yìn nígbà tẹ́ ẹ ń wo búṣìn náà.

Ẹ wo táyà ṣáájú ọ̀dà. Lẹ́tà tó kẹ́yìn nínú kóòdù ara táyà ni eré tó gbà: A8 jẹ́ 40 km/h, B jẹ́ 50, D jẹ́ 65, E jẹ́ 70. Àwọn kan á bọ́ táyà D kúrò kí wọ́n tó tà á, wọ́n á fi A8 olówó pọ́ọ́kú sí i. Ní 60 km/h pẹ̀lú ẹrù, irú táyà bẹ́ẹ̀ á gbóná, rọ́bà rẹ̀ á sì máa fò kúrò lábala-lábala. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn kóòdù DOT ni ọjọ́ orí: 3616 jẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹrìndínlógójì 2016. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tuntun lè jẹ́ owó tó tó kẹ́ ẹ fi yọ díẹ̀ lórí iye tí wọ́n pè.

Wákàtí tó wà lórí géèjì kò dọ́gba. 6,000 wákàtí lójú títì ní 50 km/h jẹ́ 300,000 kìlómítà: bíréèkì, búṣìn, bẹ́ríǹgì ẹsẹ̀ àti jíà òkè ló jẹ ẹ́. 6,000 wákàtí nínú koríko jẹ kílọ́ọ̀ṣì PTO, pínnì apá ìgbéǹkan àti rédíétọ̀. Ẹ wo ìkọ́ ẹ̀yìn, ibẹ̀ kì í parọ́. Bọ́ọ̀lù K80, èyí tí wọ́n ń so tírélà mọ́, jẹ́ mílímítà 80 bó ti jáde láti ilé iṣẹ́. Bó bá ti tẹ́ lápá kan, ẹrù wúwo ló ti ń fà láti ọjọ́ pípẹ́.

Ní ti koríko, Fastrac ní ohun méjì tí kò gbọdọ̀ ṣókùnkùn sí yín. Àkọ́kọ́, ẹ̀rọ ìgékoríko iwájú so mọ́ férémù tó wà lókè sípíríǹgì, nítorí náà bó bá kan gegele, imú á sọ̀kalẹ̀, ẹ̀rọ ìgékoríko á sì bá a lọ, ọ̀bẹ á bu ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ ìgékoríko tẹ́ ẹ fẹ́ lò fi gbọ́dọ̀ ní sípíríǹgì tirẹ̀. Ẹ tún un ṣe títí ẹnì kan á fi lè fi ọwọ́ méjì gbé igun rẹ̀ díẹ̀ kúrò nílẹ̀. Èkejì, àwọn àtijọ́ ní kílọ́ọ̀ṣì ẹlẹ́sẹ̀, wọn kì í sì í yí ní àyè kékeré. Bí pápá yín bá kéré tí ìyípadà bá pọ̀, ẹsẹ̀ òsì á rẹ awakọ̀, kílọ́ọ̀ṣì á sì tètè jóná. Bó bá jẹ́ pápá gbọọrọ, kò sí wàhálà. Nínú ilẹ̀ tútù, táyà rẹ̀ tí kò tóbi púpọ̀ máa ń fi ipa sílẹ̀; ẹ dín atẹ́gùn táyà kù nínú oko, kẹ́ ẹ dá a padà kẹ́ ẹ tó gun títì.

Ẹ fojú bù 20 sí 25 hp fún mítà kan bí ẹ̀rọ ìgékoríko bá ní ohun tó ń tẹ koríko. Èyí tó gùn tó mítà 6, níwájú àti lẹ́yìn, nílò nǹkan bí 140 hp. Ti mítà 9 ju 200 lọ. Ẹ wo ọ̀nà tí PTO iwájú ń yí sí, kẹ́ ẹ fi wé ọfà tó wà lára jíàbọ́ọ̀sì ẹ̀rọ ìgékoríko. Bí wọn ò bá bára mu, ọ̀bẹ á yí sẹ́yìn.

Fendt oníVario (oní-jíà tí kò ní ìpele), tí wọ́n kọ́kọ́ fi han ayé ní 1995, ni mo fọwọ́ sí fún ẹni tí koríko kó ju ìdajì lọ. Ẹ̀yin lẹ ń yan eré tẹ́ ẹ fẹ́, 11.5 tàbí 13, nígbà tí PTO dúró sí ìyípo 1000 ní ìṣẹ́jú kan láìyẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí sípíríǹgì lórí àkísù ẹ̀yìn èyí tó wọ́pọ̀, nítorí náà bí ẹ̀rọ bá tiẹ̀ lè sá 50, òfin títì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì kà á sí 40. Ẹ bèèrè ìwé tó fi hàn pé wọ́n ń pààrọ̀ ọ́ìlì jíàbọ́ọ̀sì déédéé. Bí ìwé náà kò bá sí, ẹ fi owó àtúnṣe ńlá sọ́kàn.

Unimog yẹ fún ẹni tó ń gé koríko etí títì, tó sì ń sáré láti ìlú kan dé èkejì. Ó lè kọjá 80 km/h. U400 tó ní ìwakọ̀ haidirọ́líìkì ni kẹ́ ẹ wá, torí ọwọ́ ìgékoríko ń fẹ́ 3 sí 5 km/h pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ń ké, èyí tí kílọ́ọ̀ṣì lásán kò lè gbà. Ẹ wo ibi tí ọ́ìlì ti ń jò ní orí ẹsẹ̀, àti ìpẹtà lábẹ́ kábù. MB-trac, tirakítọ̀ asáré àtijọ́ ti Mercedes-Benz, dáa, àmọ́ 1991 ni wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ẹni tó fẹ́ràn àtúnṣe ló ni ín.

Bẹ́ ẹ bá ní in lọ́kàn láti fi ránṣẹ́ sílé lọ́jọ́ kan, ẹ yan Fastrac tí Perkins wà nínú rẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì wa ti mọ ẹ́ńjìnnì yẹn láti ara jẹnẹrétọ̀, kò sì sí AdBlue (omi tó ń fọ èéfín ẹ́ńjìnnì tuntun) tàbí fílítà èéfín tí dísù oní-sọ́fọ̀ púpọ̀ máa bà jẹ́.

Ẹ má sanwó láìwà á pẹ̀lú ẹrù. Ẹ ní kí wọ́n so tírélà tó kún mọ́ ọn, ẹ wà á fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ jẹ́ kí jíàbọ́ọ̀sì gbóná, ẹ gun òkè, kẹ́ ẹ sì dín jíà kù nígbà tẹ́ ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀; èyí tó bá fò jáde nígbà ìsọ̀kalẹ̀ ti jẹ. Bẹ́ ẹ bá dé, ẹ na ọwọ́ súnmọ́ rímù kọ̀ọ̀kan, ẹ má fọwọ́ kàn án. Èyí tó gbóná ju mẹ́ta yòókù lọ, kálípà rẹ̀ kò padà sẹ́yìn. Èyí tó tutù nígbà tí àwọn yòókù gbóná kò ṣiṣẹ́ rárá. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí òǹtajà tó sọ̀rọ̀ iye.